Àwo orin The Electric Horseman: kí ló dé tí Willie Nelson fi wà ní ojú kan ṣoṣo? Àti bí a ṣe ń fi orin kọ́ńtírì sí fíìmù kábọ̀ì

Ọmọ_Àwo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ orin kọ́ńtírì dénú. Àwo orin fíìmù The Electric Horseman tí Columbia gbé jáde ní 1979 ni ìbéèrè mi dá lé. Àwo Willie Nelson ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n ojú kìíní nìkan ni Willie ti kọrin. Ojú kejì kò ní ohùn olórin rárá, iṣẹ́ Dave Grusin ni. Kí ló fa irú ìpín yẹn? Ìkejì: a ní fíìmù kúkúrú kan lọ́wọ́, ìṣẹ́jú 12, ẹṣin àti pápá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Olórin kan àti gìtá kan ni a ní. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ṣe lè ṣe é kí orin náà bá àwòrán mu, kí ó sì tún ṣe é gbọ́ gẹ́gẹ́ bí àwo lẹ́yìn náà?

Ìyá_Fíìmù
Ẹ káàbọ̀. Inú ìtàn fíìmù yẹn gan-an ni ìpín náà ti wá. Sydney Pollack ló darí rẹ̀. Robert Redford ni Sonny Steele, ògbóǹtarìgì agẹṣin tó ti gba ife-ẹ̀yẹ rí, tí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àárọ̀ kan wá sọ di pátákó ìpolówó: wọ́n fi gílóòbù iná bo aṣọ rẹ̀, wọ́n ń tì í gorí ẹṣin níwájú èrò. Nígbà tó rí i pé wọ́n ń fi oògùn pa ẹṣin olówó iyebíye wọn lára, ó gùn ún jáde kúrò nínú ilé tẹ́tẹ́ ní Las Vegas, ó di inú igbó. Ayé méjì nìyẹn: ìlú tí iná àti dísíkò kún, àti òkè gbalasa ní Utah. Orin Grusin ló ru ti ìlú àti ti ìfẹ́. Ohùn Willie ló ń sọ ohun tí Sonny fúnra rẹ̀ kò ní lanu sọ.

Ọ̀rọ̀ òwò náà wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú orin márààrún kì í ṣe orin tí wọ́n kọ fún fíìmù. "Midnight Rider" jẹ́ ti Gregg Allman àti Robert Kim Payne. Sharon Vaughn ló kọ "My Heroes Have Always Been Cowboys", Waylon Jennings sì ti kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ sínú àwo Wanted! The Outlaws ní 1976. "Mammas Don't Let Your Babies Grow Up to Be Cowboys" jẹ́ ti Ed Bruce àti Patsy Bruce; Waylon àti Willie ti jọ kọ ọ́ dé ipò kìíní ní 1978, Willie nìkan ló wá dá a kọ níbí. "Hands on the Wheel", tí Bill Callery kọ, ti wà nínú Red Headed Stranger láti 1975. "So You Think You're a Cowboy" nìkan ni Willie fọwọ́ sí ní kíkọ, òun àti Hank Cochran. Nítorí náà olórin tí ọjà ń tẹ̀ lé ló gba ojú kan, ẹni tó ń kọ orin fún àwòrán gba ojú kejì. Ó sì pa wọ́n lówó: "My Heroes" dé ipò kìíní lórí àtẹ kọ́ńtírì Billboard ní 1980, "Midnight Rider" sì dé ipò kẹfà.

Olókùn_Mẹ́fà
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá_Fíìmù, àfi ibi tó ti dà bíi pé orin tí wọn kò kọ fún fíìmù rẹlẹ̀. Kò rẹlẹ̀. Ọ̀nà tó yàtọ̀ ni.

Ẹ wo High Noon, 1952. Dimitri Tiomkin ló ṣe ohùn orin rẹ̀, Ned Washington kọ ọ̀rọ̀, Tex Ritter sì kọ ọ́. Orin kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n wọ́n gé e wẹ́wẹ́ jákèjádò fíìmù. Ìlà kan níbí, ohùn lásán láìsí ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, aago ń sún mọ́ ọ̀sán gangan, orin náà ń padà wá. Oscar méjì ló gbà, ti orin àti ti ohùn orin gbogbo fíìmù. Ẹ wá wo True Grit ti 1969: Glen Campbell kọ orin àkọlé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ Don Black, ohùn rẹ̀ láti ọwọ́ Elmer Bernstein, Campbell sì tún ṣeré nínú rẹ̀. Kò kọjá orin àkọlé yẹn. Àwo tí Capitol tà kì í ṣe téèpù fíìmù, ńṣe ni wọ́n tún àwọn orin ohun èlò yẹn gbà sílẹ̀ fún àwo. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ra àwo náà fi máa ń sọ pé "èyí kọ́ ni mo gbọ́ nínú fíìmù".

Ọ̀nà míràn ni ti Ned Kelly, 1970, fíìmù nípa ọlọ́ṣà ilẹ̀ Ọsirélíà, Mick Jagger ló ṣe ọlọ́ṣà náà. Shel Silverstein kọ àwọn orin, Waylon Jennings kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lẹ́nu. Ohùn Texas lórí ìtàn Ọsirélíà! Etí mi kò gbà á títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Waylon kọrin dáadáa.

Dùùrù_Èkó
Ẹ̀gbọ́n Olókùn, ẹ gbàgbé èyí tó yí padà sẹ́yìn: àwo ṣáájú, fíìmù tẹ̀ lé e. Willie gba Red Headed Stranger sílẹ̀ ní January 1975 ní sítúdíò Autumn Sound, ní Garland, Texas, owó tó ná kò ju bíi $4,000 lọ. Àwọn ọ̀gá ní Columbia rò pé àwòṣe lásán ni, pé iṣẹ́ ṣì kù. Gìtá, dùùrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Bobbie, hámóníkà Mickey Raphael, ìlù díẹ̀, ó tán. Ìtàn oníwàásù tó pa ìyàwó rẹ̀ ni, ẹ lè rí i lójú inú láti orin dé orin. Ọdún 1986 ni William Wittliff tó wá sọ ọ́ di fíìmù, Willie fúnra rẹ̀ ni oníwàásù náà. Lójú tèmi àwo lágbára ju fíìmù lọ, nítorí pé kò sí àwòrán tó máa bá ti ọkàn olùgbọ́ jà. Ọmọ_Àwo, gìtá kan àti ohùn kan tí ẹ ní yẹn, kò kéré.

Ọmọ_Àwo
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? A ti gé àwòrán tán, a ò ní tún un gé mọ́. Ìran kan wà tó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 62: ọkùnrin ń bọ̀ lórí ẹṣin, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 25, lẹ́yìn náà ó wọlé.

Ẹsẹ̀_Ẹṣin
Ẹ má tíì fọwọ́ kan gìtá. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí pé ojú olùwòran máa ń ka ẹsẹ̀ yẹn láìmọ̀. Ẹṣin tó ń rìn jẹ́jẹ́ ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin oní-mẹ́rin, tí a ń ka ìlù rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ló bá a mu. Tó bá ń sáré sẹ́sẹ́sẹ́, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì ló ń balẹ̀ pọ̀, kí ó tó kan méjì yòókù: oní-méjì nìyẹn. Tó bá ń sáré tó ń ta gọ́ngọ́ díẹ̀, ìró mẹ́ta ni ẹ ó gbọ́, lẹ́yìn náà gbogbo ẹsẹ̀ á wà lófuurufú fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan: oní-mẹ́ta ni, bíi waltz. Ẹni tó bá fi orin oní-mẹ́rin sábẹ́ ẹṣin tó ń sá oní-mẹ́ta, ohun kan á máa yọ àwòrán yẹn lẹ́nu, kò sì ní mọ ohun tó jẹ́.

Ìwọ̀n wọn: ẹṣin tó ń rìn máa ń ṣe bíi ìgbésẹ̀ odidi 55 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ka ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, bíìtì (ìlù tí a ń kà) 110 nìyẹn. Sẹ́sẹ́sẹ́ jẹ́ bíi 75 sí 80, ìyẹn bíìtì 150 sí 160. Eré oní-mẹ́ta jẹ́ bíi 95 sí 100, odidi báà kan (ìdìpọ̀ bíìtì kan, mẹ́ta níbí) fún ìgbésẹ̀ kan.

Ó wá kan férémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá nínú fíìmù. Fíìmù ń sáré férémù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi iye férémù tí ẹ fẹ́ kí bíìtì kan gbà pín 1,440. Férémù 12 á fún yín ní bíìtì 120. 13 á fún yín ní 110.8, èyí tó sún mọ́ ẹṣin tó ń rìn. 16 jẹ́ 90. 18 jẹ́ 80. 20 jẹ́ 72. Ẹ mú nọ́ńbà tó jẹ́ odidi férémù, kí ìlù lè máa bọ́ sórí férémù gan-an, kí ó má bọ́ sáàárín méjì.

Ìran yín wàyí. Ká ní bíìtì 80 ni ẹ mú, oní-mẹ́rin: báà kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 3, ìyẹn férémù 72. Báà 20 jẹ́ 60. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, báà kẹsàn-án á bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 24, ọkùnrin yẹn kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹṣin fi ẹsẹ̀ rìn fún férémù 24 kí orin tó wọlé. Báà kẹsàn-án á wá bọ́ sí 25 géérégé, bàtà rẹ̀ á kan ilẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn gìtá tó jọ dún pọ̀) tuntun. Báà 20 á parí ní 61, ìṣẹ́jú-àáyá kan á kù kí okùn gìtá kú fúnra rẹ̀. Kò sí gígé kankan níbẹ̀.

Dùùrù_Èkó
Ìṣirò yẹn péye, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá fi tẹ-tẹ-tẹ ẹ̀rọ tó ń ka ìlù sí olórin kọ́ńtírì létí, ohùn rẹ̀ á le gbagidi. Ọgbọ́n Willie ni pé ohùn rẹ̀ kì í bá ìlù rìn. Á ṣáájú, á tún fà sẹ́yìn, á wá bá wọn níbi tí ìlà parí. Gìtá nìkan ni kí ẹ fi ẹ̀rọ darí. Tí gìtá bá ti dúró dáadáa, ẹ yọ tẹ-tẹ-tẹ kúrò létí olórin, kí ó kọrin lé gìtá lórí. Ibi tí àwòrán ti ń fẹ́ ìbámu nìkan ni kí ó mọ̀, bíi báà kẹsàn-án yẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: kámẹ́rà yín lè máa gba 23.976 nígbà tí ẹ̀rọ orin yín wà lórí 24. Ní ìṣẹ́jú 3, orin á ti fi bíi férémù 4 ṣáájú àwòrán. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gba ohunkóhun sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gìtá tẹ̀ lé fíìmù àtijọ́ láti kọ́ orin rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí náà. Tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà wà lórí ètò PAL, férémù 25. Fíìmù férémù 24 tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ ń yára sí i ní bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Orin ìṣẹ́jú 3 á di ìṣẹ́jú-àáyá 172.8, ohùn á sì gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí E á fi sún mọ́ F. Téèpù àti DVD tó wà lórí PAL náà rí bẹ́ẹ̀. Gìtá yín kò bàjẹ́. Ẹ fa fíìmù sẹ́yìn sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò bá a mu.

Olókùn_Mẹ́fà
Ọ̀rọ̀ ìró. Gìtá Willie tí ó ń pè ní Trigger jẹ́ Martin N-20, okùn náírọ́ọ̀nù, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1969, ẹ̀rọ Baldwin ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Náírọ́ọ̀nù dára fún fíìmù ju okùn irin lọ tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá pọ̀, torí pé kò ní dídún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tó máa ń gun lẹ́tà "s" àti "t" àwọn òṣèré lórí. Okùn irin ni kí ẹ lò níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀.

Gbígbà á sílẹ̀: máíkì kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí gìtá, kí ó dojú kọ ibi tí ọrùn ti wọ ara. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ihò gìtá; ibẹ̀ ló ti ń dún bùm-bùm láàárín 100 sí 200 Hz, bùm yẹn sì lágídí, kì í tán nígbà tí ẹ bá ń da gbogbo ohùn pọ̀. Ẹ pààrọ̀ okùn náírọ́ọ̀nù ní ọjọ́ 2 tàbí 3 ṣáájú, torí pé okùn tuntun máa ń na. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, gìtá á máa rẹlẹ̀ láàárín orin.

Bí ẹ bá máa fi hámóníkà kún un, kíì rẹ̀ (ohùn ìpìlẹ̀ tí a tò ó sí) kì í ṣe kíì orin tí ẹ bá fẹ́ dídún oníkọ́ńtírì tó ń sunkún yẹn. Orin tó wà ní E, hámóníkà A ni. Orin G, hámóníkà C.

Pedal steel ńkọ́, gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ lù, tó ní pẹ́dáàlì ẹsẹ̀? Èyí tí wọ́n tò sí E9 ní okùn 10. Bí ẹ bá ń lu kọ́ọ̀dù E, tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dáàlì A àti B pọ̀, B á gòkè di C#, G# á di A, kọ́ọ̀dù á sì yọ́ lọ sí A láìgbé ọwọ́. Yíyọ́ yẹn ni etí mọ̀ sí kábọ̀ì. Ẹ ò nílò láti lọ sí Nashville kí ẹ tó gbọ́ ọ. Demola Adepoju ti fi í dárà lẹ́yìn King Sunny Adé nínú jùjú tipẹ́.

Ìyá_Fíìmù
Kí ẹ tó gba ohunkóhun sílẹ̀, ẹ jókòó ti àwòrán pẹ̀lú ìwé. Ìlà kan fún orin kọ̀ọ̀kan: ibi tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí, ohun tó gbọ́dọ̀ bọ́ sójú bíìtì, àti bóyá ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀rọ̀ orin àti ọ̀rọ̀ òṣèré kò gbọdọ̀ dún pọ̀ láéláé. Etí kan kò lè gbọ́ gbólóhùn méjì. Tí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí gìtá nìkan lu ẹsẹ orin náà, kí olórin wọlé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá tán. Ọkùnrin yín tó wọlé ní ìparí ìran yẹn, tó bá máa kí ẹnikẹ́ni, ohùn olórin gbọ́dọ̀ ti dákẹ́ kí ó tó kan ìlẹ̀kùn.

Lábẹ́ ọ̀rọ̀, orin lè wà ní bíi 15 dB (ìwọ̀n agbára ìró) nísàlẹ̀ ohùn òṣèré. Bó bá ṣì ń dí i, ẹ gé bíi 3 dB kúrò lára gìtá láàárín 2 sí 4 kHz dípò kí ẹ tún rẹ gbogbo orin sílẹ̀. Kí ẹ má sì gbé ìdàpọ̀ fíìmù yẹn lọ sórí àwo o! Gìtá tí ẹ ti gé yẹn á dún bí ẹni tó wà nínú kòròfo agolo nígbà tí kò bá sí ẹnu òṣèré tó máa dí àlàfo rẹ̀. Ẹ pa ohùn mọ́ lọ́tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, ìyókù lọ́tọ̀, 48 kHz, 24-bit (ètò ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀, kì í ṣe bíìtì ìlù). Ẹ kọ odidi orin náà fún ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀ sí 3 ààbọ̀ kí ẹ tó kọ gígé fíìmù, kí méjèèjì wà ní eré kan náà àti kíì kan náà. Tí ìlà kan bá dùn jù nínú odidi orin, ẹ ó lè gbé e sínú fíìmù.

Ọmọ_Àwo
Mo dúpẹ́, mà. Olórin wa fẹ́ràn "My Heroes Have Always Been Cowboys". Ṣé tí òun fúnra rẹ̀ bá tún un kọ, a ti bọ́ lọ́wọ́ àṣẹ?

Dùùrù_Èkó
Rárá. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kan. Èkínní jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ àti ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó orin rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó ni téèpù, bí àpẹẹrẹ Columbia fún ti Willie. Bí ẹ bá tún un kọ, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ti téèpù, ti ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà síbẹ̀. Àṣẹ láti so orin mọ́ àwòrán, ọ̀tọ̀ ló wà. Owó tí ẹ bá san fún ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin tí a ń lù ní gbọ̀ngàn kò bo ìyẹn. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ sọ gígùn ìran, ibi tí fíìmù máa lọ, ọdún mélòó, àti bóyá ẹ máa ta àwo. Ti àwo jẹ́ àṣẹ mìíràn lọ́tọ̀.

Èyí tó rọrùn: ẹ mú orin kábọ̀ì àtijọ́ tí kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, bíi "Red River Valley" tàbí "Streets of Laredo", èyí tí John Lomax ti tẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ láti 1910. Ẹ lo ọ̀rọ̀ inú ìwé àtijọ́ o, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu olórin òde òní, torí pé ẹni yẹn lè ti fi ẹsẹ tirẹ̀ kún un. "Streets of Laredo" jẹ́ oní-mẹ́ta, ẹ padà lọ wo ẹsẹ̀ ẹṣin yín.

Ọmọ_Àwo
Ìbéèrè ìkẹyìn: àwo Electric Horseman tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ ti 1979 gan-an, a fẹ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà láti fi í kọ́ iṣẹ́. Orin tó wà nítòsí àárín ń dún ràkọ̀ràkọ̀.

Abẹ́rẹ́_Àwo
Ó lè má jẹ́ pé àwo bàjẹ́. Àwo ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan láti òde dé àárín, ṣùgbọ́n òbìírí òde gùn ju ti inú lọ. Létí àwo, nǹkan bíi mítà 0.5 ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítòsí àárín kò ju 0.2 lọ. Ohùn tó ga á há sínú àyè kékeré, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ kò sì ní lè tẹ̀ lé e. Létà "s" ni yóò kọ́kọ́ fi hàn.

Ẹ fi omi tí a sè gbà èéfín rẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ nu àwo ní ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ ń lọ, ẹ má nù ún gba àárín kọjá, kí ẹ sì má jẹ́ kí bébà àárín rẹ̀ tutù. Ẹ wo ìwọ̀n tí olùṣe abẹ́rẹ́ yín kọ. Èyí tó pọ̀ jẹ́ gíráàmù 1.5 sí 2. Ẹni tó bá fẹ̀rù àwo tó dín in kù sí 1 ló ń ba á jẹ́ jù, torí abẹ́rẹ́ á máa fò, á máa gbá ẹ̀gbẹ́ ìlà. Tí ìwọ̀n bá tọ́ tí ó ṣì ń ràkọ̀, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jókòó gbọọrọ lórí apá ẹ̀rọ.

Gírámáfóònù gbọ́dọ̀ gba ojú ihò phono, èyí tí wọ́n ṣe fún un lára ẹ̀rọ, kọjá kí ó tó dé kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá so ó mọ́ ihò lásán, baàsì ò ní sí, gbogbo rẹ̀ á máa dún ṣín-ín-ṣín-ín. Ẹ gbà á ní 24-bit, kí ìró tó ga jù má kọjá −6 dB. Ojú kejì ni kí ẹ fi wọn ìró, kì í ṣe ti Willie: dísíkò Grusin máa ń lọ sókè ju gìtá lọ. Tí ẹ bá fi ti Willie wọ̀n ọ́n, tí ẹ yí àwo padà láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ojú kejì á fọ́.